KỌ́KỌ́RỌ́ ṢỌ́Ọ̀BÙ, AMÁNÀ NI

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó ni ilé, tí ó ni ilẹ̀, tí ó sì fi wá sí orí ilẹ̀ Rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mákà ti ń pè ní Al-Amín, ẹni tí a lè fọkàn tán, kí iṣẹ́ òjíṣẹ́ tó dé bá a. Kí ó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni: ṣọ́ọ̀bù tí a gbà lọ́wọ́ onílé, tí a ti san owó rẹ̀ sílẹ̀, tí owó náà kò tíì tán, tí a wá fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí a bá wo àárín ara wa dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá ni. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gba fíríìdọ̀mù, tí ó ti da iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tó kọjá lè ríṣẹ́ sí Àbújá lọ́dún yìí. Arábìnrin lè lọ sí ilé ọkọ ní ìlú mìíràn. Ọjà sì lè kùtà, kí agbára má gbé e mọ́. Nígbà náà ni a ó máa wá ẹni tí yóò gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wa, tí yóò dá owó wa padà fún wa. Ọ̀dọ̀ ará mọ́sálásí wa ni a sì máa ń kọ́kọ́ yà sí.

Nínú ìgbésẹ̀ yìí, tí ó dà bí ohun kékeré, ni ìdánwò ńlá wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ láàrin wa, a kò sì ní fi bò.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa gba ṣọ́ọ̀bù kan ní ojú títì. Ọdún méjì ni ó san owó rẹ̀, ₦20,000 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ ₦480,000. Kí ọdún kejì tó wọlé, iṣẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó sì fẹ́ tètè lọ. Àkókò náà gan-an ni arábìnrin wa kan, aránṣọ, ń wá ṣọ́ọ̀bù kiri. Arákùnrin sọ fún un pé oṣù mẹ́rìndínlógún ni ó kù. Ó ní kí ó mú ₦550,000 wá: ₦320,000 fún oṣù tí ó kù, ₦90,000 fún káńtà, pákó ìpàtẹ àti fáànù tí òun kò ní kó lọ, àti ₦140,000 fún ohun tí ó pè ní owó kọ́kọ́rọ́, nítorí pé ojú ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù náà wà.

Ẹ̀yìn mọ́sálásí ni a jókòó sí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwa mẹ́ta ni a ṣe ẹlẹ́rìí. Arábìnrin ka owó, arákùnrin gba owó, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí ọwọ́ arábìnrin, a ka Fátíhà, a ṣe àmín. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè pé, "Onílé ńkọ́?" Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n mú ìwé àdéhùn wá kí a wò ó. Ojú ọmọ ẹgbẹ́ ni a wò, a sì gbà pé ìyẹn tó.

Nígbà tí ó di oṣù kẹta, tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, bàbá onílé dé. Ó bá arábìnrin ní ìdí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó fi ọ́ síbí?" Arábìnrin kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Bàbá ní, "N kò mọ̀ ọ́ rí. Ẹni tí mo fún ní ṣọ́ọ̀bù kò sì dágbére fún mi." Ó ní kí ó jáde, ó sì fi àgádágodo tirẹ̀ sí ilẹ̀kùn. Aṣọ Iléyá àwọn oníbàárà, bí ogójì, ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì. Àwọn tí wọ́n ni aṣọ ń wá sí ilé arábìnrin láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹnì kan pè é ní olè lójú àwọn òbí rẹ̀.

Àwa àti imáàmù wa lọ bá bàbá onílé. Bàbá kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó fún wa ní ìjókòó, ó fún wa ní omi, lẹ́yìn náà ó mú ìwé àdéhùn jáde. Ó wà níbẹ̀ ní kedere pé ayálégbé kò gbọdọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn láìgba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onílé. Arákùnrin wa ti fọwọ́ sí i. Bàbá mú ẹ̀dà rìsíìtì jáde. Ọjọ́ tí onílé gba owó ni oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ṣùgbọ́n arákùnrin wa ka oṣù tirẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ó fi kun ún tí ó sì fi kan pákó sí i. Ní ọjọ́ tí a ka Fátíhà, oṣù mẹ́tàlá ni ó kù, kì í ṣe mẹ́rìndínlógún. Yàtọ̀ sí èyí, gbèsè owó iná ₦38,000 wà lọ́rùn ṣọ́ọ̀bù náà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún arábìnrin.

Bàbá wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí wa títí di òní. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo máa ń rí yín tí ẹ ń lọ kírun. Mo máa ń fi yín ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ mi pé ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣé ilé mi ni ẹ wá jókòó pín láàrin ara yín bí ẹran Iléyá, tí ẹ kò pè mí?"

A kò lè gbé orí sókè.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, arákùnrin yìí kì í ṣe olè. Ohun tí ó rí tí gbogbo ayé ń ṣe ni òun náà ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe kọ́ ni Ọlọ́hun yóò bi wá.

KÍ NI Ó JẸ́ TIWA NÍNÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ NÁÀ?

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí a bá gba ṣọ́ọ̀bù, kí ni a rà? A kò ra ilé, a kò ra ilẹ̀, a kò ra ojú ọ̀nà tí ó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí a rà ni ìlò, fún ìwọ̀n ìgbà tí a dárúkọ, ní ìwọ̀n owó tí a dárúkọ. Ijārah ni àwọn onímọ̀ fíkíhì ń pè é. Nínú Sūrat al-Qaṣaṣ, ẹsẹ 27 àti 28, Ọlọ́hun sọ fún wa bí bàbá àgbà ará Madyan ṣe bá Ànábì Mūsā ṣe àdéhùn iṣẹ́: ọdún mẹ́jọ ni dandan, bí ó bá wá pé é ní mẹ́wàá, oore láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ wò bí wọ́n ṣe ya dandan sọ́tọ̀ kúrò lára oore, tí wọ́n sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí sí i.

Nítorí náà, ẹni tí ó ku oṣù mẹ́tàlá fún, oṣù mẹ́tàlá ni ó ní. Kò ní oṣù kẹrìnlá. Hakim ibn Hizam, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà tí ó jẹ́ oníṣòwò, gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì (S.A.W.) pé ó kọ̀ fún òun láti ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ òun. Abu Dawud àti Tirmidhi wà nínú àwọn tí wọ́n gba hádíìsì náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ta oṣù mẹ́ta tí ó ti jẹ tán, ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣìkà ni, owó ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó wà lápò rẹ̀.

KÍ A TÓ BÁ ẸNI TÍ YÓÒ GBÀ Á SỌ̀RỌ̀, KÍ A BÁ ONÍLÉ SỌ̀RỌ̀

Àwọn kan lè béèrè pé, "Ṣé Islam kò gbà kí ayálégbé fi ibi tí ó gbà fún ẹlòmíràn ni?" Ó gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Imám Mālik tí ọ̀pọ̀ àáfà ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé wà lára wọn, sọ pé ẹni tí ó gba ilé lè fi ìlò rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí ẹni náà kò bá ní lò ó ní ọ̀nà tí yóò ba ilé náà jẹ́ ju bí òun ti ń lò ó lọ. Aránṣọ lè fi í fún aránṣọ. Ṣùgbọ́n bí aránṣọ bá fi í fún ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ ìlọta sí i, tí ògiri yóò máa mì láti àárọ̀ di alẹ́, ìyẹn ti kọjá ohun tí onílé gbà fún un.

Èyí jẹ́ bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan. Bí àdéhùn bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹsẹ kìn-ín-ní nínú Sūrat al-Mā'idah pa á láṣẹ fún àwa onígbàgbọ́ pé kí a mú àdéhùn wa ṣẹ. Ó sì wà nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà sílẹ̀ pé májẹ̀mú tí àwọn Mùsùlùmí bá fi lélẹ̀ láàrin ara wọn de wọ́n, àfi èyí tí ó bá sọ hàráámù di hàláálì tàbí tí ó sọ hàláálì di hàráámù. Kí onílé sọ pé kí a kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda òun kò sọ hàláálì kankan di hàráámù. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Òfin ìlú pẹ̀lú ní ohun tí ó sọ. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ilé gbígbà ti ọdún 2011 kà á mọ́ ojúṣe ayálégbé pé kò gbọdọ̀ fi ibi tí ó gbà fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onílé yọ̀ǹda fún un nínú ìwé. Àfi àwọn àdúgbò díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀, bí ó ti kan ilé gbígbé bẹ́ẹ̀ ni ó kan ibi ìṣòwò. Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Bàbá lè sọ pé, "Kò burú, ọmọ mi," lórí fóònù, kí ó gbàgbé lọ́la, tàbí kí ó kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pé àwọn kò gbọ́ nǹkan kan.

A tún fẹ́ fi ojú kan èyí: àwọn ọ̀dọ́ kan ń rò pé bí onílé kì í bá ṣe Mùsùlùmí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí Hijra, ní ọdún 622. Àwọn Kùráéṣì ń wá ẹ̀mí Ànábì (S.A.W.), síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ń kó ohun ìní wọn pamọ́ sí. Ní òru tí ó ń fi ìlú sílẹ̀, ó fi Ali sí Mákà kí ó lè dá amánà olúkúlùkù padà fún un. Àwọn tí wọ́n lé e kúrò nílé rẹ̀ kò pàdánù ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ó bá ṣe é fún ọ̀tá, kí ni kí a ṣe fún bàbá tí ó fún wa ní omi mu?

OWÓ WO NI A LÈ GBÀ?

Ibí yìí ni ẹnu kò ti kò púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ya owó náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má dà á pọ̀ bí ẹ̀wà àti gààrí.

Èkíní ni owó oṣù tí ó kù. Ìyẹn kò ní wàhálà, bí a bá ka oṣù náà láti inú rìsíìtì.

Èkejì ni owó ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe sínú ṣọ́ọ̀bù: káńtà, pákó, irin ojú fèrèsé, fáànù. Tiwa ni, a lè tà á, bí àdéhùn kò bá ti sọ pé ohun tí a bá kàn mọ́ ògiri ti di ti onílé. Ẹ wò ó nínú ìwé kí ẹ tó dá iye lé e. Kí a sì tà á ní iye tí ó tọ́ sí i lónìí, kì í ṣe iye tí a rà á lọ́jọ́ tí ó wà ní tuntun.

Ẹ̀kẹta ni owó kọ́kọ́rọ́, èyí tí a ń gbà nítorí pé ibẹ̀ dára, tàbí nítorí pé a yọ̀ǹda ààyè wa. Àwọn onímọ̀ ti jókòó lórí èyí. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1988, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì tí ó wà lábẹ́ O.I.C., àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, pàdé ní Jeddah, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ owó yìí yẹ̀ wò. Badal al-khuluw ni wọ́n ń pè é ní èdè Lárúbáwá. Ìdájọ́ wọn ni pé bí àkókò àdéhùn kò bá tíì tán, ayálégbé lè gba owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tako àdéhùn tí ó wà láàrin òun àti onílé, tí ó sì wà ní ìbámu pẹ̀lú òfin ìlú. Bí àkókò bá ti tán, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á, nítorí pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti parí. Kò ní ohun kan lọ́wọ́ mọ́ tí yóò yọ̀ǹda.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń di kọ́kọ́rọ́ mú lẹ́yìn tí owó ti tán, tí ẹ ń sọ fún ẹni tuntun pé, "Bí o kò bá rí tèmi ṣe, n kò ní kó ẹrù mi jáde." Owó tí ẹ bá gbà lọ́nà yẹn kì í ṣe owó ṣọ́ọ̀bù. Owó ìdènà ni. Sūrat an-Nisā', ẹsẹ 29, sì ti kọ̀ fún wa láti máa fi èrú jẹ ohun ìní ara wa.

Àwọn onímọ̀ ìjọ Hanafí tilẹ̀ sọ síwájú sí i pé bí ayálégbé bá fi ilé fún ẹlòmíràn ní owó tí ó ju èyí tí òun san lọ, tí kò sì fi nǹkan kan kún ilé náà, kí ó fi èlé orí rẹ̀ ṣe sàráà. Ìjọ Mālik kò sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà kí ó jẹ́ tirẹ̀. A kò mú ìyàtọ̀ yìí wá láti dá ìjà sílẹ̀. A mú un wá kí a lè mọ̀ pé àwọn tí wọ́n jù wá lọ wo owó yìí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Nínú ọ̀rọ̀ arákùnrin wa, ìwé àdéhùn ti ní kò gbọdọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda, kò sì gba ìyọ̀ǹda. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ̀ǹda ni ó gba ₦140,000 lé lórí. Ká ní ó lọ bá bàbá ni, kí bàbá gbà, kí ó sì sọ òótọ́ fún arábìnrin, ọ̀nà ìbá là fún un láti gba nǹkan. Ìrìn ilé onílé, tí kò tó wákàtí kan, ni ó ba owó náà jẹ́.

ÀLÉÉBÙ TÍ A MỌ̀, KÍ A SỌ Ọ́

Ànábì (S.A.W.) kọjá níbi òkìtì ọkà kan nínú ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ kan ibi tí ó tutù. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ó bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Muslim ni ó gba hádíìsì yìí sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́jà náà. Bíbò ó mọ́lẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà ní ibi tí ó tutù tirẹ̀. Òrùlé tí ó ń jò, tí a gbé páálí bò. Àgbàrá tí ń wọlé bí òjò bá rọ̀. Gbèsè owó iná. Owó ọjà tí a kò san. Ìwé ìkìlọ̀ tí onílé ti kọ pé òun fẹ́ wó ilé náà tún kọ́. Ọjà tí kò tà níbẹ̀ rárá, tí ó jẹ́ ìdí gan-an tí a fi ń lọ, tí a wá ń sọ pé, "Mo kàn fẹ́ sinmi ni." Hakim ibn Hizam tí a dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ó tún gba ọ̀rọ̀ Ànábì (S.A.W.) wá, tí Bukhari àti Muslim kọ sílẹ̀, pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òótọ́ tí wọ́n sì fi àléébù hàn, alùbáríkà yóò wọ òwò wọn, bí wọ́n bá pa irọ́ tí wọ́n sì fi àléébù pamọ́, alùbáríkà rẹ̀ yóò parẹ́. Ta ni nínú wa ni ó fẹ́ gbé owó tí kò ní alùbáríkà lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní ìlú tuntun?

Kí a sì wo ohun tí ẹni náà fẹ́ lo ibẹ̀ fún. Bí a bá mọ̀ pé ọtí tàbí tẹ́tẹ́ ni yóò máa tà níbẹ̀, kí a má fi fún un, kódà bí owó tirẹ̀ bá pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Nínú ẹsẹ kejì Sūrat al-Mā'idah, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Ẹsẹ tí ó gùn jù nínú Al-Kùránì, ẹsẹ 282 nínú Sūrat al-Baqarah, ọ̀rọ̀ gbèsè àti ìwé kíkọ ni ó wà fún. Ọlọ́hun tí ó fi ẹsẹ tí ó gùn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwé mọ̀ pé àwa ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn ni a óò máa sọ pé, "Àárín àwa àti wọn kọjá ìwé."

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kí a sì mọ èyí tí a ń ṣe. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ẹni àkọ́kọ́ jáde pátápátá, kí ẹni tuntun wọ inú àdéhùn pẹ̀lú onílé. Nínú èyí, kí onílé kọ ọ́ pé òun ti tú ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí ẹni àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ ayálégbé onílé, kí ẹni tuntun wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú èyí, bí ẹni tuntun bá ba ilẹ̀kùn jẹ́ tàbí tí kò san owó, ẹni àkọ́kọ́ ni onílé yóò mú, ibi yòówù kí ó wà. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ti ṣẹlẹ̀ nítorí pé ẹnì kan rò pé òun ti jáde, onílé sì gbà pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Kí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú ìwé náà: orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ tí owó yóò tán gẹ́gẹ́ bí rìsíìtì onílé ti sọ, iye tí a san fún oṣù tí ó kù, iye tí a san fún ohun èlò, iye tí a san fún ohun mìíràn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ohun tí mítà iná kà lọ́jọ́ náà, irú iṣẹ́ tí ẹni tuntun yóò ṣe níbẹ̀, àti ọwọ́ onílé. Bí agbára bá ká a, kí lọ́yà bá wa wò ó.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ GBÀ Á

Kì í ṣe ẹni tí ń jáde nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Arábìnrin, arákùnrin, má fi ojú àánú tàbí ojú ọmọ ẹgbẹ́ sanwó. Ní kí wọ́n mú ọ lọ sí ọ̀dọ̀ onílé. Ní kí wọ́n fi rìsíìtì hàn ọ́. Ẹni tí inú bá bí nítorí pé o béèrè, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Kí o má sì gba ẹ̀yìn lọ bá onílé lẹ́yìn tí ìwọ àti ẹnì kejì rẹ ti fẹnu kò, láti sọ pé, "Bàbá, ẹ lé e, n ó fi owó kún un." Ànábì (S.A.W.) ti kọ̀ fún wa láti na ọwọ́ sí òwò tí ọmọ ìyá wa ti ń ná lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí a má gorí òwò rẹ̀.

ÀTI ÀWA ẸLẸ́RÌÍ

A ti bá ẹni tí ń jáde wí, a ti bá ẹni tí ń wọlé sọ̀rọ̀. Ó ku àwa tí a jókòó, tí a ka Fátíhà. A rò pé ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ó rí owó bí ó ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ṣùgbọ́n Sūrat an-Nisā', ẹsẹ 135, ní kí a dúró ṣinṣin ti ẹ̀tọ́, kí a jẹ́ ẹlẹ́rìí nítorí Ọlọ́hun, kódà kí ó tako àwa fúnra wa àti àwọn ẹbí wa. Bí ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta bá ti béèrè pé, "Onílé ńkọ́?" ọ̀dọ́bìnrin kan kò ní gbọ́ orúkọ olè lójú bàbá àti ìyá rẹ̀. A dákẹ́ nítorí pé a kò fẹ́ kí arákùnrin rò pé a kò fọkàn tán an. A wo ojú ènìyàn, a kò wo ojú Ọlọ́hun. A tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀, a ti tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ arábìnrin náà, a sì tún ń tọrọ rẹ̀ níhìn-ín.

A dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò parí sí ibi tí ó bẹ̀rẹ̀ sí. Imáàmù wa pe arákùnrin lórí fóònù níwájú bàbá onílé. Kò jiyàn. Ó ní òun kò ka ìwé náà láti ọjọ́ tí òun ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ náà ni bàbá ṣí ilẹ̀kùn fún arábìnrin kí ó lè rán aṣọ Iléyá. Àwa mẹ́ta sì bá a gbé aṣọ lọ fún àwọn tí wọ́n ni wọ́n, a sì sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Arákùnrin dá ₦60,000 oṣù mẹ́ta padà, ó dá ₦140,000 owó kọ́kọ́rọ́ padà, ó sì san gbèsè owó iná. Kò rọrùn fún un. Oṣù márùn-ún ni ó fi san án tán nínú owó iṣẹ́ tuntun. Bàbá kọ ìwé tuntun fún arábìnrin fún oṣù tí ó kù, kò gba kọ́bọ̀ kan lé e. Nígbà tí arákùnrin wálé, ilé bàbá ni ó kọ́kọ́ yà, ó dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, Sūrat an-Nisā', ẹsẹ 58, pa á láṣẹ pé kí a dá amánà padà fún àwọn tí wọ́n ni ín. Kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lápò wa, amánà ni. Ayé tí a wà nínú rẹ̀ yìí gan-an, a kò rà á. Ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán wà nínú ìwé kan tí a kò rí kà. Ní ọjọ́ náà, Onílé yóò béèrè bí a ti lo ibẹ̀, àti irú ẹni tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn wa.

Ẹni tí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù tí ó fẹ́ fi sílẹ̀ lóṣù yìí, kí ó mú rìsíìtì rẹ̀ jáde lálẹ́ òní, kí ó ka oṣù tí ó kù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó lọ kí onílé.

Kí Ọlọ́hun fi hàláálì Rẹ̀ tó wa, kí a má nílò hàráámù. Kí ó fi alùbáríkà sí òwò wa, kí ó sì jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí rí ìwà Ànábì (S.A.W.) lára wa. Àmín.

Wa salāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.